Àbàwọ́n tíì nínú ife àsàlátù: káún, ọsàn wẹ́wẹ́, àti ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ pàdé

Obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti Tánkẹ̀, ní Ìlọrin. Òun ni ẹgbẹ́ àsàlátù wọn fi ife tíì sí níkàáwọ́. Ife funfun ni gbogbo wọn, àwọn kan ní wúrà létí, àwọn ìyá tó ṣáájú ló rà wọ́n sílẹ̀. Ó ní: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Inú àwọn ife yìí ti pọ́n rúsúrúsú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fi irin ìfọ̀kòkò ha wọ́n, mo tiẹ̀ rẹ wọ́n sínú blíìṣì mọ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n po bákìn sódà mọ́ fínígà. Ó hó yèè, inú mi dùn, àmọ́ nígbà tí mo ṣàn án nù, àbàwọ́n yẹn ò mira. Kí ni mo lè lò nínú ohun tó wà nílé? Fíláàsì wa àti jọ́ọ̀gì sóbò náà ò dáa láti wò mọ́. Àwọn kan ní ká kúkú ra ife aláwọ̀ dúdú, kí ojú ó kúrò níbẹ̀."

Àbúrò mi, o kú wàhálà, o sì kú àmójútó. Iṣẹ́ ife àsàlátù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kò sẹ́ni tí kì í wo inú ife kó tó gbé e sẹ́nu, ẹni tí ò sì rí nǹkan sọ sí ìwàásù á rí nǹkan sọ sí ife. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìtọ́jú ilé rí, abọ́, kúlà àti ife ni mo sì ń fi yáni fún ìnáwó báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu iṣẹ́ mi dáadáa.

Kí n tètè sọ èyí tó o fẹ́ gbọ́: púpọ̀ nínú àwọn ife yẹn á mọ́. Ohun tó máa mú wọn mọ́ wà nílé ìdáná rẹ, èyí tí kò bá sì sí níbẹ̀ wà lórí àtẹ àwọn eléròjà ọbẹ̀ l'Ọjà Ọba. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni àwọn ohun tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí a bá fi omi pò wọ́n: bákìn sódà, káún, omi eérú, ọṣẹ dúdú náà wà níbẹ̀. Èkejì ni àwọn ohun kíkan: ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, omidùn ògì. Méjèèjì dára, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. Bí o bá kó wọn pọ̀ sínú ife kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á pa agbára èkejì ni. Híhó tó dùn mọ́ ẹ yẹn, kábọ̀n dàìọ́síáìdì ló ń jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tí wọ́n ń tẹ̀ sínú mínírà. Bó bá ti hó tán, omi oníyọ̀ díẹ̀ ló kù sí ẹ lọ́wọ́: kò kan mọ́, kò sì yọ̀ mọ́. Owó bákìn sódà lọ, owó fínígà náà lọ. Èèyàn ń wo híhó, ó rò pé iṣẹ́ ló ń lọ.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní àbàwọ́n tíì? Nínú ewé tíì, a rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní tánníìnì. Òun náà ló wà nínú obì tó ń pa ahọ́n pọ̀, ó wà nínú èèpo igi tí à ń se lágbo. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ó máa ń ṣú. O ò rí i pé obì tí a bá gé sílẹ̀ kì í pẹ́ pọ́n lójú? Tánníìnì nìkan ò tiẹ̀ burú jù, omi gbígbóná àti ọṣẹ á gbé èyí tó bá ṣì tutù lọ. Wàhálà dé nígbà tó bá pàdé omi tó le, ìyẹn omi tó ti gba inú òkúta kọjá, tó sì ti gbé kálísíọ̀mù bọ̀.

Lọ da tíì sínú ife kan pẹ̀lú omi borehole, kí o gbé e kalẹ̀ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbé e síbi tí oòrùn ti lè kan ojú rẹ̀, kí o wá rọra dẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wàá rí awọ fẹ́lẹ́ kan lójú omi náà tó ń dán, tó sì ń sán wẹ́wẹ́ bí ife ṣe ń dẹ̀. Ní 1993, Michael Spiro àti Deogratius Jaganyi, tí wọ́n ń ṣèwádìí ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí awọ yìí gan-an. Kálísíọ̀mù àti báíkábónéètì inú omi, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ló ń so àwọn èròjà tíì pọ̀ di awọ. Bí omi ò bá ní kálísíọ̀mù yẹn, awọ ò ní yọjú; bí o bá sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí tíì, kò ní yọjú bákan náà. Awọ yìí ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri ife bí tíì ṣe ń lọ sílẹ̀, èyí tí ẹ mu lónìí lórí èyí tí ẹ mu ní àsàlátù tó kọjá, títí á fi nípọn.

O lè dán an wò fúnra rẹ nígbà òjò. Gbe omi òjò tó mọ́, fi se tíì. Fi omi borehole se òmíràn. Gbé ife méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ní fara sin. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì ládùúgbò kan náà fi lè máa mu tíì kan náà, kí ife ọ̀kan máa mọ́ kí ti èkejì máa pọ́n. Ẹni tó ń rí omi ìjọba tó ń ti odò Asà wá àti ẹni tó ń fa omi láti abẹ́ àpáta kì í ṣe ẹgbẹ́ lọ́rọ̀ yìí. Bí ọṣẹ kì í bá tètè hó nílé yín, tí èépá funfun sì wà nínú kẹ́tùlù yín, omi yín le nìyẹn.

Èyí ló fà á tí blíìṣì ò fi ràn ẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, blíìṣì máa ń ṣí àwọ̀ tíì. Àmọ́ kò lè tú kálísíọ̀mù, èyí tó bá sì wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn awọ tó nípọn kì í tètè kàn án. Irin ìfọ̀kòkò tiẹ̀ burú jù ú lọ. Ojú ife tó ń dán yẹn ni ààbò ife. Bí o bá fi irin ha á léraléra, dídán yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, tíì á sì wá rí ibi dì mú. Bí o bá rí ìlà eérú wẹ́wẹ́ nínú ife, bí ẹni fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí i, má torí ìyẹn sunkún: irin tàbí ṣíbí ló fi ara rẹ̀ sílẹ̀ sójú ife. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ lórí aṣọ tútù sábà máa ń mú un kúrò. Èyí tó bá jẹ́ ihò tí èékánná ń kọ́, ìyẹn ti di ọgbẹ́ ife, kò sóògùn rẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ dé. Káún ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Bákìn sódà dáa, àmọ́ káún ni mo yàn láàyò bí ife bá ti pọ̀. Káún tí à ń fi se ewédú àti ẹ̀wà yìí, láti apá Adágún Chad ni wọ́n ti ń wà á wá. Sódíọ̀mù kábónéètì àti bákìn sódà fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ilẹ̀ ló ti bá wa pò ó. Kábónéètì yẹn ló fi lágbára ju bákìn sódà lásán lọ. Ra èyí tó le gan-gan, tí kò tíì yọ́ lórí àtẹ.

Kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ àwọn ife náà, torí ọ̀rá mílíìkì máa ń bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀ tí káún ò fi ní ráyè dé ibẹ̀. Gbé omi kaná títí á fi hó. Ẹyọ káún tó tó awẹ́ obì kan ni kí o gún fún lítà omi kan. Dà á sínú omi náà, rò ó, kí o wá jẹ́ kó tòrò, nítorí káún máa ń ní iyanrìn nísàlẹ̀. Rọra da èyí tó tòrò sínú ife, kó ga ju ibi tí àbàwọ́n dé lọ díẹ̀. Fi sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ife tó bá ti pẹ́ gan-an, jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Lọ yọjú wò ó láàárín kan. Omi tó mọ́ nígbà tí o dà á á ti pọ́n, nígbà míì awọ á máa ya bọ́ lára ògiri ife pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, tí á sì máa rì lọ sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí o bá rí ìyẹn, ó ti parí. Da omi yẹn nù, fi kànrìnkàn nu inú ife, èyí tó kù á tẹ̀ lé e. Fún ọrùn ọwọ́ ife lápá inú, níbi tí kànrìnkàn kì í dé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló dára jù. Bí awọ ọwọ́ rẹ bá jẹ́ irú èyí tó tètè ń bó, wọ ìbọ̀wọ́, torí káún máa ń gbẹ ara.

Bó bá jẹ́ ife kan tàbí méjì ni, ìwọ náà má ṣe wàhálà káún. Fi omi ra bákìn sódà kó ki, ṣíbí tíì kan tó, fi ìka tàbí aṣọ tútù pa á mọ́ inú ife, kí o máa fi yí i po. Fún rírẹ, ṣíbí ìjẹun méjì sí lítà omi gbígbóná kan. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa kó má jẹ́ bákìn páúdà ni wọ́n tà fún ẹ. Nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń wọ̀n wọ́n sí lọ́jà, ojú wọn jọra. Bákìn páúdà ti ní ohun kíkan àti ìyẹ̀fun nínú tẹ́lẹ̀, torí kéèkì ni wọ́n ṣe ṣe é. Bó bá ti kan omi, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó lọ nìyẹn, kò ní ku agbára tó pọ̀ fún ife rẹ.

Eérú ńkọ́? Àwọn ìyá wa ò ṣìnà. Eérú igi ní pọ́tásíọ̀mù kábónéètì, omi rẹ̀ sì máa ń tú tánníìnì àti ọ̀rá. Ohun tí n kì í fẹ́ ni kí a bu eérú gbígbẹ kí a fi gbo ife tó ń dán. Iyọ̀ àti bákìn sódà rọ̀ ju ojú ife lọ, wọn ò lè ha á. Iyanrìn ló le jù ú lọ, eérú ààrò ò sì lè ṣàìní iyanrìn. Bí o bá fẹ́ lò ó, fi asẹ́ jọ̀ ọ́, da omi gbígbóná lé e, jẹ́ kó tòrò, kí o lo omi òkè nìkan. Ewé eepín náà, igbá fúrá àti ọmọ orógùn ni kí o fi í fọ̀, má jẹ́ kó kan ife funfun.

Lẹ́yìn tí káún ti ṣe tirẹ̀, ṣan ife náà dáadáa pẹ̀lú omi tó mọ́, lẹ́ẹ̀mejì bó bá ṣeé ṣe. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí o wo inú rẹ̀. Bó bá ti funfun, tó ń dán, ó ti tán, má fi ọsàn ṣòfò. Ìgbà tí ohun kíkan máa wúlò ni bí o bá ṣì rí òrùka funfun tàbí ibi tó ṣú tó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ lábẹ́ ọwọ́. Kálísíọ̀mù nìyẹn. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan, tàbí kí o po fínígà àti omi ní ọgbọọgba, kí o dà á síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn tí ọsàn wẹ́wẹ́ bá gbówó lórí, pàápàá bó bá tún bọ́ sí Ààwẹ̀, omidùn ògì tí à ń dà nù láràárọ̀ á ṣe é. Kò lágbára tó fínígà, nítorí náà jẹ́ kó sùn nínú ife. Á rùn díẹ̀, àmọ́ ọṣẹ á gbé òórùn yẹn lọ. Ẹnì kan bi mí léèrè nípa àjàgbọn rí: ó kan lóòótọ́, mo sì máa ń fi í fọ bàbà, ṣùgbọ́n àwọ̀ tirẹ̀ náà ń dúró de ife funfun, kí la wá ṣe?

Àbàwọ́n kan wà tí káún ò ní ràn rárá, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn borehole kan ní irin nínú omi wọn. Wàá mọ̀ ọ́n: bí omi náà bá pẹ́ nínú garawa, á pọ́n, ìdí garawa á sì ní ìpẹtà. Bí tánníìnì bá pàdé irin yẹn, àwọ̀ tó ń mú jáde dúdú, ó ń yọ aró díẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n gbà ń ṣe yíǹkì látijọ́ káàkiri Yúróòpù. Tíì tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ sè máa ń dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, tíì yẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Fún àbàwọ́n yìí, ohun kíkan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí ibì kan lórí rẹ̀, kí o dúró ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ibẹ̀ bá mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, irin ló wà níbẹ̀. Fi iyọ̀ kún ọsàn náà, pa á mọ́ inú ife, fi í sí oòrùn fún ìgbà díẹ̀, kí o tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá yí padà, ó di ọwọ́ káún. Ìdánwò kékeré yìí ni kí o fi ife kan ṣe kí o tó kó gbogbo wọn sómi. Á jẹ́ kí o mọ ibi tí wàá gbà.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kí o fojú di. O ti fi blíìṣì rẹ ife wọ̀nyẹn. Má ṣe da fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan èyíkéyìí sínú ohun tí blíìṣì ṣì wà nínú rẹ̀. Ti káún pẹ̀lú fínígà, agbára ló ń ṣòfò. Ti blíìṣì pẹ̀lú fínígà, afẹ́fẹ́ klóríìnì ló ń jáde, ó ń ta èèyàn lójú, ó ń há èèyàn lọ́nà ọ̀fun, nínú ilé ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ó lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn. Bó bá ṣẹlẹ̀ láìmọ̀, má dúró fẹ́ ẹ wò. Jáde síta, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kó afẹ́fẹ́ tútù símú.

Àwọn ife tó ní wúrà létí ńkọ́? Wúrà yẹn tín-ín-rín gan-an, orí dídán ife ló wà, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má kó wọn rì sínú bàsíà pẹ̀lú àwọn yòókù. Da omi bákìn sódà sí inú ife nìkan, kó má dé etí, kó má sì pẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ. Bí kò bá tán, ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì. Káún le jù fún wọn. Má fi ohun kíkan kan etí wọn, má fi ohun líle gbo ó. Èyí tí wúrà rẹ̀ ti ń ṣí nítorí blíìṣì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Wo ojú àwọn ife tó pẹ́ jù náà dáadáa. Bí o bá rí ìlà sísán tín-ín-tìn-ìn-tín tó rí bí àwọ̀n aláǹtakùn lábẹ́ dídán wọn, tíì ti gba ibẹ̀ wọlé. Omi gbígbóná pẹ̀lú bákìn sódà lè fà á jáde díẹ̀díẹ̀ bó bá sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ife bẹ́ẹ̀ kì í mọ́ tán, mi ò sì ní gbé e fún àlejò mọ́. Fi pẹ́ẹ̀nì tàbí ṣíbí sínú rẹ̀.

Fíláàsì yín rọrùn. Fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan inú rẹ̀ kó lè móoru, pàápàá èyí tó jẹ́ dígí nínú, torí omi híhó tó bá ṣàdédé kan dígí tútù lè fọ́ ọ. Da ṣíbí ìjẹun kan bákìn sódà sí i, fi omi gbígbóná kún un, kí o fi í sílẹ̀ títí omi á fi tutù. Má dé e. Bákìn sódà nínú omi gbígbóná máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde, bí o bá dé e pa á lè ta ọmọrí sókè sí ẹ lójú. Lẹ́yìn náà, da omi yẹn nù, bu ẹ̀kúnwọ́ kan ìrẹsì tí a kò tíì sè sí i pẹ̀lú ọṣẹ àti omi díẹ̀, kí o rọra máa mì ín. Ìrẹsì á bá ẹ nu ìdí fíláàsì tí ọwọ́ ò lè dé. Tú rọ́bà etí ọmọrí kúrò kí o fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni òórùn máa ń sá sí. Bí kẹ́tùlù tàbí ife kan bá jẹ́ alúmíníọ̀mù, kì í ṣe sitéńlẹ́ẹ̀sì, káún àti omi eérú ò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀ rárá: á dúdú, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́.

Jọ́ọ̀gì sóbò, ìyẹn ọ̀rọ̀ rọ́bà. Àwọ̀ ìṣápá pupa tí à ń fi ṣe sóbò máa ń yí padà gẹ́gẹ́ bí omi tó bá pàdé: bí omi bá kan, á pọ́n fòò, bí o bá da omi bákìn sódà lé e, á di aró tàbí kó máa yọ ewé. Mo sọ ọ́ kí o má bàa pariwo pé o ti ba jọ́ọ̀gì jẹ́. Àwọ̀ náà ló ń tú ká. Jẹ́ kí omi bákìn sódà lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí o ṣàn án, kí o wá dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Oòrùn Ìlọrin yìí kì í ṣe ọ̀tá wa nídìí rọ́bà. Ìtànṣán rẹ̀ máa ń pa àwọ̀ sóbò, ó ń pa ti epo pupa inú ike ọbẹ̀ pàápàá, ohun tí ọṣẹ ti fọ̀ tì. Ọ̀sán kan tàbí méjì tó. Má fi sílẹ̀ síta fún oṣù kan o, oòrùn yẹn náà ló ń sọ rọ́bà di ẹlẹgẹ́. Rọ́bà tí inú rẹ̀ bá ti ní ojú híha púpọ̀ kò ní mọ́ tán mọ́.

Ife amọ̀ àti ìkòkò omi tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dada ní Òkèlèlè ń mọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Amọ̀ tí a kò fi nǹkan dídán bò máa ń mu ohunkóhun tí a bá dà sí i, ọṣẹ náà á mu. Omi gbígbóná, iyọ̀ àti kànrìnkàn, ó tó.

Bí ẹ ò bá fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ yìí lóṣooṣù, ibi tí ẹ ti máa mú un ni bí àsàlátù bá ti tú. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á kó ife tòun ti ìṣẹ́kù tíì sínú báàfù, ọ̀kan á wọ inú èkejì, gbogbo èèyàn á máa kí ara wọn, ife á dúró síbẹ̀ di ọ̀sán. Nínú gbígbẹ yẹn ni awọ ti ń lẹ̀. Gbé bàsíà omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíì, kí ẹni tó bá mu tán da ìṣẹ́kù rẹ̀ nù kó sì ti ife bọmi. Omi lásán ni, kò tiẹ̀ nílò ọṣẹ. Bí omi ibẹ̀ bá le, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí tábìlì fún àwọn tó ń mu tíì láìsí mílíìkì. Á ṣe ẹnu wọn lóore, á sì ṣe ife lóore. Má fún un sí tíì onímílíìkì ṣá, mílíìkì á dì. Bí Ààwẹ̀ bá dé tí ẹ bá ń gbé tíì fún ìṣínu lójoojúmọ́, káún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ní ti ife aláwọ̀ dúdú, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Awọ yẹn á ṣì máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò kàn ní máa rí i ni, ẹni tó bá fi ìka kan inú rẹ̀ ló máa mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra kún èyí tó wà nílẹ̀, ẹ ra funfun, kó má ní wúrà, kó má ní òdòdó nínú. Lọ́jà, ẹ fi èékánná yí inú ife po kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá dúró lọ́nà níbì kan, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹ yan èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kí ọwọ́ obìnrin lè wọlé pẹ̀lú kànrìnkàn, tí ìdí rẹ̀ inú lọ́hùn-ún sì rí roboto, kó má ní kọ̀rọ̀.